Ẹ̀wà Mẹ́rin Tó Kù Lọ́wọ́ Kàsímù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Bàbá Kékeré fi fọ gbòǹgbò. Mo mọ̀ pé àgbo ló kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, torí òun náà ló máa ń wá sí gbogbo ará Ìta Fájì lọ́kàn. Àwọn kan tiẹ̀ ti wá bá wọn rí pé kí wọ́n fún àwọn ní ti jẹ̀díjẹ̀dí. Kì í ṣe gbòǹgbò àgbo o. Gbòǹgbò ẹ̀wà ni, gbòǹgbò àgbàdo, gbòǹgbò sóyà, ní oko ìwádìí kan tó wà lọ́nà Ìbàdàn. Wọ́n á hú irúgbìn náà, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á fi ìka tú erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi funfun, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ dúdú kí àwọn dókítà lè wò ó. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí nìyẹn. Ìyá wọn kú láìgbà pé iṣẹ́ ni.

Kàsímù lorúkọ wọn. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Bàbá mi ti kú, èmi Ihsan ni mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Adéníji Adélé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi, màmá mi Morufat, àti Bàbá Kékeré la jọ ń gbé yàrá mẹ́ta tó kù lẹ́yìn ti àwọn ayálégbé nínú ilé ẹbí wa. Ilé ẹ̀yìn ti wó láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àlàpà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Lágbo ilé tiwa, ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, Màmá sì ti sọ wọ́n ní Olóko láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbaṣẹ́. "Olóko mi, kí lẹ rí hú lónìí?" ni Màmá máa ń fi kí wọn nígbà tí wọ́n bá wálé lópin oṣù. Bàbá Kékeré á ní, "Ìyàwó wa, gbòǹgbò náà ni." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, n ò ní parọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, torí bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní mọ ohun tó pa bàbá arúgbó lẹ́kún. Oúnjẹ kan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí irúgbìn ò bá rí i jẹ, kò ní ga, kò ní so, ewé rẹ̀ á kàn dúdú bí ewé tí wọ́n lù. Àwọn oúnjẹ mìíràn nínú ilẹ̀ máa ń bá omi rìn, wọ́n á wá bá gbòǹgbò níbi tó wà. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn. Ilẹ̀ á dì í mú pinpin, gbòǹgbò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní ju ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan lọ láàárín wọn, ebi á sì máa pa gbòǹgbò. Jókòó-síbẹ̀ ni Bàbá Kékeré ń pe oúnjẹ náà. Wọ́n ní bí ayálégbé tí lọ́yà ti kọ̀wé lé jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló rí, tó ṣì ń dáná ní kọ́rídọ̀.

Nítorí náà, gbòǹgbò ló gbọ́dọ̀ wá a lọ. Irúgbìn tó bá gbọ́n á hu irun sára gbòǹgbò rẹ̀, irun tín-ín-rín tí ojú lásán kì í fẹ́ẹ̀ rí, á fi máa ha gbogbo àyíká. Òmíràn á sun omi kíkan jáde lára gbòǹgbò, omi náà á tú ọwọ́ ilẹ̀ kúrò lára oúnjẹ yẹn. Òmíràn á bá àwọn okùn olú inú ilẹ̀ ṣòwò, á fún wọn ní ṣúgà, wọ́n á bá a gbé Jókòó-síbẹ̀ wá láti ibi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ò tó. Bí Bàbá Kékeré bá ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí, ojú wọn á máa tàn. "Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà, Ihsan," wọ́n á ní. "Ewé kàn ń ṣe fáàrí ni."

Ọ̀gá wọn níbẹ̀ ni Dókítà Ẹniọlá, obìnrin Èkìtì kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni Dókítà fi wá ẹ̀wà kan tí irun gbòǹgbò rẹ̀ gùn ju ti ẹ̀wà yòókù lọ, ẹ̀wà tó máa so lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, fún àgbẹ̀ tí kò lówó ajílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí i, Bàbá Kékeré ló fọ gbòǹgbò náà. Wọ́n ní Dókítà dì mọ́ àwọn lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ń sunkún, omi gbòǹgbò ń kán sí i láṣọ. Kí ẹ̀wà yẹn tó dé ọwọ́ àgbẹ̀ kankan ni owó ìwádìí ti tán. Lọ́jọ́ tí Bàbá Kékeré fẹ̀yìn tì, Dókítà fún wọn ní àpòòwé kékeré kan tí ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, pé kí wọ́n fi ṣe ìrántí. Ọdún kejì, Dókítà kú.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwadámilọ́lá pè wọ́n lórí fóònù. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ tí Dókítà Ẹniọlá kọ́ gbẹ̀yìn, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní oko ìwádìí yẹn báyìí. Ó ní yàrá òtútù tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn sí ti wà láìsí iná fún ọ̀pọ̀ oṣù, jẹnẹrétọ̀ sì ti kú. Gbogbo ẹ̀wà Dókítà tó wà níbẹ̀ ni wọ́n gbìn, ẹyọ kan ò hù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ku ẹyọ kankan lọ́wọ́ yín?"

Bàbá Kékeré ní àwọn máa wò ó. Wọ́n tú àpótí wọn, wọ́n rí àpòòwé náà lábẹ́ ìwé ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì wọn. Kòkòrò ti lu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ṣì dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé ara àpòòwé náà ti parẹ́, ibẹ̀ sì ni ìyọnu wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà méjì ni wọ́n máa ń gbìn pọ̀ ní oko yẹn, èyí tó mọ oúnjẹ wá àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n wá, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Lójú, àwọn méjèèjì ò yàtọ̀ síra. Gbòǹgbò nìkan ló lè fi wọ́n hàn.

Wọn ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa retí ohun tó ti kú. Nítorí náà, kí wọ́n tó pè é padà, wọ́n wé gbogbo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà sínú aṣọ tútù láti mọ̀ bóyá ẹ̀mí wà nínú wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, mẹ́rin là. Ìyókù di ẹrọ̀fọ̀, ó ń rùn.

Bàbá Kékeré pe Olúwadámilọ́lá padà, wọ́n sọ ọ́ fún un. Ó ní ì bá wu òun kí wọ́n ti fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí wàhálà. Ẹ̀wà tó ti là ò ṣeé rìnrìn àjò mọ́, ilẹ̀ ló kàn. "Kó ṣáà so, Bàbá. Ibi yòówù kẹ́ ẹ gbìn ín sí, kó ṣáà so. Bóyá òun ni tàbí òun kọ́, èyí tó bá so la máa fi yẹ̀ ẹ́ wò níbí. Ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò o."

Mo ní mo máa ra iyẹ̀pẹ̀ dúdú wá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó, kí á dà á sínú ike ọ̀dà mẹ́rin. Bàbá Kékeré ò gbà. Wọ́n ní iyẹ̀pẹ̀ àwọn olódòdó kún fún ajílẹ̀, bí gbòǹgbò bá sì ti rí oúnjẹ níwájú ẹnu, kò ní hu irun mọ́, á di ọ̀lẹ. "Nígbà náà, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá òun ni?" Mo ní ọmọ yẹn ti sọ pé òun máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú wọn. Orí àlàpà ilé ẹ̀yìn ni wọ́n gbìn ín sí, lórí iyanrìn tó kún fún ìkarahun àti èérún sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ tó ń di Jókòó-síbẹ̀ mú ju ilẹ̀ oko wọn lọ. Wọ́n fi páànù ọgbà yí i ká. Ẹ̀wà mẹ́rin tó kù nínú gbogbo ayé, nísàlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn ibi tí a ń sá aṣọ sí!

Àkọ́kọ́ ò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá fọ aṣọ funfun, wọ́n da omi bílíìṣì sórí àlàpà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù bí wọ́n ti máa ń dà á láti ọdún mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n rí ewé náà tó ti rọ, wọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò ọkọ wọn. "Olóko mi, ẹ dárí jì mí." Bàbá Kékeré ní kí wọ́n dìde, pé kò sí nǹkan kan, mẹ́ta ṣì wà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo jí lọ́jọ́ Sátidé tí mo gbọ́ tí Bàbá Kékeré ń pe orúkọ mi bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Wọ́n jókòó sórí àpótí, abọ́ omi wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, ìka wọn ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú omi náà. Wọ́n ti hú ọ̀kan.

"Wá wò ó, Ihsan! Wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run!"

Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, mo sì rí i. Gbòǹgbò náà funfun, nǹkan kan sì yí i ká bí ìkùukùu, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni irun yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo rí i. Ó dára, n ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín bó ti dára tó. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé òun ni, ṣùgbọ́n láìsí awò tó ń mú nǹkan tóbi, àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n dá a padà sínú ilẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú.

Mo jágbe mọ́ wọn. Èmi ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, mo jágbe mọ́ Bàbá Kékeré lójú àwọn ayálégbé, mo bi wọ́n pé ṣé orí wọn pé. Màmá ní kí n kúnlẹ̀, mo sì kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò rọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọn ò já mi níyàn. Wọ́n kàn ní, "Tá a bá gbin ọgọ́rùn-ún lóko, mẹ́wàá la máa ń hú. Ọwọ́ mi ló lọ síbẹ̀." Ọwọ́ wọn ló lọ síbẹ̀! Wọn ò gbin nǹkan kan fún jíjẹ rí láyé wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí o bá fẹ́ mọ bí irúgbìn ṣe ń ṣe, o máa hú u. Wọ́n fi Ọlọ́run búra fún mi lọ́jọ́ náà pé àwọn ò ní fọwọ́ kan méjì tó kù.

Wọ́n gbìyànjú, ká sọ tòótọ́. Àwọn méjèèjì ga, wọ́n tanná. Nígbà tí òdòdó já, èso wẹ́wẹ́ mẹ́rin yọ, kò tíì gùn tó ìka ọmọ tuntun. Màmá gan-an ń lọ wò ó tí wọ́n bá kírun tán. Olúwadámilọ́lá ń pè lójoojúmọ́, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí èso náà gbẹ, òun ti kọ déètì sára àpòòwé. A bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ìyẹn ni mo kórìíra nínú ọ̀rọ̀ yìí jù, pé a retí.

Òjò ọjọ́ mẹ́ta wá rọ̀. Iyanrìn ilé ìtajà tí wọ́n ń kọ́ lójú pópó ti dí gọ́tà, omi kún agbo ilé, ó sì dúró lórí àlàpà náà fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó fà, àwọn ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n ń já bọ́. Bàbá Kékeré ò lè jẹun mọ́. Wọ́n á jókòó síwájú páànù látàárọ̀, wọ́n á máa wo ewé tí wọn ò mọ̀ ọ́n wò. Olúwadámilọ́lá wò ó lórí fóònù, ó ní omi ló kàn pọ̀ jù, kí wọ́n fi sílẹ̀, á gbádùn. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè láti wá fojú ara òun rí i.

"Gbòǹgbò ti ń jẹrà," Bàbá Kékeré sọ fún mi. "Mo mọ̀. Tí mo bá rí ibi tó jẹrà, mo lè gé e kúrò, kí n tún un gbìn. Kí n wò ó díẹ̀?"

Mo ní rárá. Ọjọ́ kejì wọ́n tún béèrè, mo ní rárá. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi béèrè bí ọmọ tó fẹ́ jáde lọ ṣeré, èmi ni mo sì di ìyá wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, mo dé láti ṣọ́ọ̀bù. Mo ti dúró láti aago mẹ́jọ, oníbàárà kan ti bú mi torí oògùn tí owó rẹ̀ lọ sókè, ẹsẹ̀ mi wú. N ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi ní, "Ihsan, kí n wò ó díẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ wò ó jàre! Ẹ wò ó, kí gbogbo wa sinmi!"

Mo wọlé, mo dùbúlẹ̀.

Ṣíbí ni wọ́n lò. Ọ̀kan ni wọ́n fẹ́ wò, láti ẹ̀gbẹ́ kan, díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ búburú yẹn, gbòǹgbò àwọn méjèèjì ti wá oúnjẹ lọ títí wọ́n fi lọ́ mọ́ra wọn, bí ọ̀kan ṣe ń jáde ló ń ya ti ìkejì. Nígbà tí mo jáde síta, àwọn méjèèjì wà nínú abọ́, wọ́n ti mọ́ tónítóní. Kò síbi kankan tó jẹrà lára wọn. Funfun báláú ni, ìkùukùu yẹn sì yí gbogbo rẹ̀ ká.

"Ó wà dáadáa," ni Bàbá Kékeré ń sọ. "Ihsan, ó wà dáadáa. Kò sí nǹkan tó ṣe é."

A tún un gbìn, a fi agbòjò bò ó, a bomi rin ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èso mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rọ. Nígbà tó di Wẹ́sìdeè tí ẹ̀wà méjèèjì ti kú, mo mú sípíríìtì wá láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gé gbòǹgbò náà sínú ìgò kan, torí bí wọ́n ṣe máa ń tọ́jú rẹ̀ lóko nìyẹn.

Olúwadámilọ́lá dé ní ọ̀sán Tọ́sìdeè. Ó kéré ju bí mo ṣe rò ó lọ, ó gbé kúlà kékeré kan kọ́ èjìká. Kò sẹ́ni tó ní ìgboyà láti sọ fún un lórí fóònù, nítorí náà ojú rẹ̀ ló fi rí páànù tó yí ilẹ̀ òfìfo ká. Ó kí Màmá, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá Kékeré, ó sì kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìdìde. Lẹ́yìn náà, ó ya àwọn èso yẹn wò. Ohun tó wà nínú wọn ò tó ẹyin èèrà, ó ti hunjọ. Ó dà á sílẹ̀.

Bàbá Kékeré gbé ìgò náà wá. Màmá yọ ìborùn dúdú wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, Bàbá Kékeré sì tẹ́ gbòǹgbò náà sórí rẹ̀. Ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọmọbìnrin náà yọ awò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi rúlà kékeré wọn irun náà ní ibi mẹ́fà. Mo ń gbàdúrà. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ èkejì ni, èyí tí kò wúlò, tí wọ́n kàn fi ń wéra.

"Ṣé òun ni?" Bàbá Kékeré béèrè.

Ó gbé ojú sókè. "Òun ni, Bàbá. Òun gan-an ni."

Bàbá Kékeré ní "Alihamudulilahi," ó ti ẹnu wọn jáde kí wọ́n tó rántí pé ó ti kú. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, wọ́n bú sẹ́kún. N ò rí wọn kí wọ́n sunkún rí, àní nígbà tí bàbá mi kú.

Olúwadámilọ́lá jẹ́ kí ẹkún náà rọlẹ̀. Kò bínú, àárẹ̀ ló hàn lójú rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ wọn, jẹ́jẹ́, pé ta ló ní kí wọ́n hú u nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí òun dé.

"Èmi ni," ni Bàbá Kékeré sọ. Wọ́n nu ojú wọn. "Ọmọ yìí ń sọ fún mi pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Èmi ni mi ò gbọ́."

Ó yíjú sí mi, ó kí mi pé mo ṣeun. Omi tí mo fẹ́ fún un ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e fún un, n ò sì jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè.